Kòkó Tí Ọmọ Fọwọ́ Já

"Àǹtí Karimat, ẹ gbọ́ mi, kòkó kì í so sí ṣóńṣó ẹ̀ka bíi máńgòrò. Ara igi gan-an ló ń so sí, láti ìdí títí dókè."

Oríyọmí ti gbé fóònù rẹ̀ lé orí àpótí, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì. Àkọlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sẹ́yìn tírélà kan kò tíì gbẹ. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ń pariwo kọjá lójú títì Ore, ìyẹn ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà.

Karimat ló ń bójú tó ìwé àwọn ọmọdé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn. "Ọ̀gá wa ní ó dà bí ẹni pé eéwo yọ sí igi náà lára," ló wí.

Oríyọmí bú sẹ́rìn-ín. "Eéwo kẹ̀? Ẹ sọ fún ọ̀gá pé eéwo yẹn ni wọ́n tà tí wọ́n fi rán mi níléèwé o! Àǹtí, mi ò kì í ya ohun tí mi ò mọ̀. Ọmọ Ajue ni mí."

"Ó dáa, ó dáa, ìwọ lo lóko." Karimat náà ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n àwòrán iwájú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó rí i níbí tí inú rẹ̀ ò dùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ẹjọ́ kankan o."

"Kò sẹ́jọ́ mọ́, mà."

Ká má tan ara wa, Oríyọmí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ káyé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kun ẹ̀yìn tírélà àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, àwọn awakọ̀ ò tiẹ̀ mọ orúkọ mìíràn fún un ju Àtíìsì lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àwòrán yìí yàtọ̀. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun ló ya gbogbo rẹ̀, òun sì ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá a padà kí wọ́n tó gbà á. Bí kò bá wọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé ẹlòmíràn ló máa gba àyè rẹ̀, tirẹ̀ á di ọdún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ṣì rántí rẹ̀.

Àwòrán iwájú ìwé tí wọ́n ń yìn yẹn, kò ronú kó tó yà á. Ọmọbìnrin kékeré kan ló jókòó sọ́rùn bàbá rẹ̀, eyín méjì ti ká lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kòkó pípọ́n kan mú, ó ń fà á já lára igi. Bàbá ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Oríyọmí lọ́mọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, àti Adébóyè bàbá rẹ̀, tó ti kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ore kó lè lọ sí iléèwé. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko nígbà èwe rẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ló rántí dáadáa.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ní kí wọ́n tẹ gbogbo àwòrán náà jáde fún òun ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ore, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ajue, abúlé wọn. Ó fẹ́ lọ ṣe fáàrí fún ìyá rẹ̀ ni, kò sí àlàyé mìíràn.

Ìyá rẹ̀ ń tú kòkó tó sá sórí tapólì níwájú ilé. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta nìyí? Èmi kọ́ ni mo sanra báyìí."

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ó burú." Ó ṣí òmíràn. "Háà, kòkó yìí so síbi tó yẹ kó so sí. O ṣe é."

Orí Oríyọmí wú. Ó wá sọ ohun tí wọ́n wí ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Bíi máńgòrò? Ṣé òkò ni wọ́n á máa sọ ọ́ ni?"

Bó ṣe kan àwòrán iwájú ìwé ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi àti Bàbá ni. Ẹ ò rántí? Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi sọ́rùn, tí mo já kòkó."

"Mo rántí." Ó gbé àwòrán náà lé orúnkún. "Oríyọmí, àwọn ọmọdé lo ní wọ́n máa fún ní ìwé yìí?"

"Àwọn náà ni. Èyí gan-an ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù."

"Wọn ò gbọdọ̀ rí i."

Oríyọmí rò pé ìyá òun ń ṣe àwàdà. "Kí ló ṣe é? Kò jọ Bàbá ni?"

"Ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ débi pé àyà mi já. Ọwọ́ ìwọ ni mò ń wò. Ta ní ń fọwọ́ já kòkó? Àdá la fi ń gé e lọ́rùn. Tó bá wà lókè, a ó lo ọ̀pá tí wọ́n de irin mímú mọ́ lórí. Tí o bá fọwọ́ fà á, èèpo igi á bá a lọ, ojú ibi tó ti so á kú, kò ní yọ òdòdó níbẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ ibí ń ṣe é, ojoojúmọ́ là ń pariwo lé wọn lórí. Ìwọ wá fẹ́ yà á sínú ìwé fún wọn!"

"Ṣùgbọ́n mo já a, Màmá. Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín."

"Dìde."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọ inú oko, títí wọ́n fi dé ìdí igi kòkó ńlá kan nítòsí odò. Ìyá na ọwọ́ sókè, ó fi kan ara igi náà. Kòkó so sókè ibẹ̀, ó so sísàlẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ojú dúdú kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Ọdún karùndínlọ́gbọ̀n rèé," ìyá wí. "Mo fẹ́ lù ọ́ lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ ò gbà. Ó ní ọ̀la lọmọ ń lọ, kí n má jẹ́ kó fi ẹkún kúrò lóko. Ìyẹn ló fi ń rẹ́rìn-ín."

Ojú ti Oríyọmí, ó sì dùn ún wọra. Láti ìgbà náà wá, ọjọ́ ayọ̀ nìkan ló ti ń pe ọjọ́ yẹn. Ó rántí bó ṣe fọ́nnu sí Karimat létí. Ó ṣe é bíi kó panu mọ́. Ta ló máa mọ̀ ní Ìbàdàn? Kí ìwé sáà ti jáde. Ó tún gbójú sókè wo ojú dúdú yẹn, ó yíjú padà, ó sì mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀n, torí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró.

"Àǹtí Karimat, àwòrán iwájú ìwé yẹn kò dára. Mo fẹ́ tún un yà."

"Kí lò ń wí? Lánàá lo ní kò sẹ́jọ́ mọ́!"

Oríyọmí ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò bo ohunkóhun.

"Ta ló máa mọ̀, Oríyọmí?"

"Àwọn ọmọ Ajue máa mọ̀, mà. Àwọn tí ò mọ̀ ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù, torí wọ́n á lọ ṣe é."

"Wò ó, tí mi ò bá rí tuntun kí agogo mẹ́rin ọ̀la tó lù, ìwé mìíràn ló máa wọ ẹ̀rọ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. O ṣì lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà o."

"Rárá, mà. Tí tuntun ò bá dé, ẹ má tẹ èyí. Mo sọ fún yín pé mi ò kì í ya ohun tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe pa fóònù. Ẹni tó máa ń kun ẹ̀yìn tírélà tán kí awakọ̀ tó jẹun yó, ṣé iwájú ìwé kan ló máa pa á? Ó rán ọlọ́kadà sí Ore lọ bá a kó páálí àti ọ̀dà wá. Ó fa ìyá rẹ̀ padà sídìí igi, ó ní kó gbé àdá sókè.

"Ọwọ́ ń ro mí o."

"Ẹ fara dà á. Ẹ̀yin ni Bàbá lónìí."

"Orí mi o! Ọwọ́ ọmọ wá ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn."

Ìyá ronú. "Kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Bí àdá bá gé e, á bọ́ sí i lọ́wọ́. Bàbá rẹ ì bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ká ní o dúró."

Ó sun Ajue lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, agogo méjìlá kò tíì lù tí ọ̀dà fi gbẹ. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín Adébóyè wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọ wà lábẹ́ kòkó, àdá wà lọ́rùn rẹ̀. Lókè díẹ̀ lára igi, ojú dúdú kékeré kan wà tí ohunkóhun ò so sí.

"O fi ojú ibẹ̀ sí i," ìyá wí.

"Mo fi sí i."

"Ìbàdàn ò ní bi ọ́ ni?"

"Wọ́n tún lè ní eéwo ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Oríyọmí rọra ki páálí náà bọ ọ̀rá, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà tó ń dúró dè é, kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà gbé àwòrán náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti Ore kí agogo mẹ́rin tó lù.

"Àwọn ọmọ ibí máa bi mí o," ìyá rẹ̀ ké tẹ̀lé e. "Wọ́n máa bi mí pé ta ló ba igi yìí jẹ́."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó yà á ni."