Ta Ni Ìyá Mardiyah?

Ìrẹsì ni wọ́n ń pín o, kì í ṣe oyè! Síbẹ̀, bí Ṣàkírát ṣe dé iwájú tábìlì ẹgbẹ́ onílé ní Ìjẹ̀gùn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Òfin ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí ò lè gba oúnjẹ yìí."

Ṣàkírát ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lóòótọ́. Ó jí ọjà ọ̀gá ẹ̀ tà, kò sì jiyàn rí. Ó ti lo ọdún rẹ̀ pé, ó ti dé láti oṣù méjì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba olè síṣẹ́? Láti àná, ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan ni òun àti Mardiyah, ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, jọ mu. Inú ọmọ náà ń kùn bó ṣe dúró yẹn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ orúkọ ọmọ nìkan. Òun ò jalè."

"Orúkọ ìyá la fi ń gbà fún ọmọ." Ó ṣí ìwé. "Ìyá Mardiyah sì ti wà níbí."

Ṣàkírát bojú wẹ̀yìn wo orí ìlà. Agnes ni, ará ilé wọn, tó tọ́jú ọmọ náà nígbà tí òun wà lẹ́wọ̀n. Ẹ sì mọ àdúgbò wa: ẹni tó bá ń pọn ọmọ ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ pè. Agnes ò bí tirẹ̀. Ó ń jẹ́ Ìyá Mardiyah, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Dákẹ́ jàre," Agnes sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí n gbà á, a jọ máa sè é fún un ni."

Àṣé Alhaji Mọ́ṣúdù, alága, ti gbọ́. "Ìyá méjì, ọmọ kan? Ta ló ni ọmọ yìí gan-an? Tó bá jẹ́ ti ẹlẹ́wọ̀n, ẹ fagi lé e!"

Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà yọjú. Háà, ayé! Ọjọ́ méjì gbáko ni Ṣàkírát fi rọbí ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

"Àǹtí Agnes ni," ó wí. "Àwọn ni ìyá ẹ̀."

Ìyẹn ò tẹ́ alága lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Ìwọ, ta ni màmá ẹ?"

Mardiyah ò tiẹ̀ rò ó. Ó sáré lọ di ìró Agnes mú.

"Màmá mi nìyí."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n wọn kóńgò ìrẹsì mẹ́rin fún Agnes, Ṣàkírát ló sì bá wọn rù ú délé.