Agbo Méjì Tó Dà Pọ̀ Nínú Odò Gbígbẹ

1

…kò sì dá a lóhùn.

Obìnrin náà tún kan ilẹ̀kùn. Thady Kinnane mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe so ẹṣin rẹ̀ mọ́ òpó ọgbà wáyà. Ó sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Imú ìdílé Looby kò ṣeé fi pamọ́.


2

SÁBÍNÀ: Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ẹ wà nílé. Èéfín ń jáde lórí ilé yín.

THADY: Èéfín ló wà nílé. Èmi ti jáde.

SÁBÍNÀ: Nítorí bàbá mi ni mo ṣe wá.

THADY: Ó rán ọ?

SÁBÍNÀ: Kò lè rán ènìyàn níṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti rọ. Láti ìgbà tó ti ṣubú ni Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Èdè ilé yín ní Áílàńdì ló ń sọ, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. A ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

THADY: Kò kọ́ ọ ni?

SÁBÍNÀ: Ó ní kí ni n ó fi ṣe.

THADY: Hùn.

SÁBÍNÀ: Dókítà ní kò lè pẹ́ mọ́. Ohun kan ló ń sọ ṣáá, Bàbá, ó sì ń pe orúkọ yín mọ́ ọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbọ́ ọ ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́ kó kú kí n má mọ ohun tó wí.

THADY: Kó lọ sọ ọ́ fún adájọ́. Adájọ́ ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀.

(Ilẹ̀kùn kò ṣí.)


3

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Thady ti bá Murt Looby, bàbá obìnrin náà, sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé wọ́n jìnnà síra. Òkè kan péré ló wà láàárín ilé wọn. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìtajà, Thady á kọjú sí ògiri, á máa wo ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun bí ẹni tó mọ̀wé. Títí Murt á fi ra tirẹ̀ tán. Títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi dún lọ.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.


4

Ohun tí olùṣọ́ àgùntàn ní, nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n lábẹ́ ọ̀gá Elphick, lóko àgùntàn Wirrabilla:

ahéré kan tí wọ́n fi èèpo igi ṣe

agolo kan, fún omi mímu, fún ọbẹ̀, fún fífá irùngbọ̀n

ìyẹ̀fun, ẹran, tábà díẹ̀

ajá kan, bí ajá náà bá gbà

irinwó àgùntàn tí kì í ṣe tirẹ̀

ẹnu


5

Àgùntàn kan péré ni Thady jí, ní Clare, ní Áílàńdì, lọ́dún tí ebi fẹ́ pa Gobnait, aya rẹ̀. Wọ́n gbé e sọdá òkun títí dé New South Wales, ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ, nítorí rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n kó irinwó àgùntàn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa ṣọ́ wọn.

Bákan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ Murt. Abúlé tó kángun sí ti Thady ni wọ́n ti mú un.

"Ká ní mo mọ̀ ni," ni Murt máa ń wí, "màlúù ni ǹ bá jí. Àwọn tó ń da màlúù, ẹṣin ni wọ́n ń gùn."


6

ÌKÌLỌ̀
tí alábòójútó Speight kàn mọ́ ilẹ̀kùn ahéré

OLÙṢỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ JÓKÒÓ.

OLÙṢỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ SỌDÁ ODÒ.

AGBO TÍ ARA WỌN DÁ, APÁ ÌHÍN. AGBO ONÍKÚRÚNÀ, APÁ Ọ̀HÚN.

OLÙṢỌ́ TÍ AGBO RẸ̀ BÁ DÀ PỌ̀ MỌ́ TI ẸLÒMÍÌ YÓÒ LỌ SÍWÁJÚ ADÁJỌ́.

ẸNI TÍ KÒ BÁ MỌ̀WÉ, KÍ Ó BI ALÁSÈ.

Alásè kò mọ̀wé.


7

Thady ló ń da agbo tí ara wọn dá. Murt ló ń da àwọn oníkúrúnà lódìkejì. Speight mọ̀ọ́mọ̀ fi odò sáàárín wọn ni. Ó bẹ̀rù èdè tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n odò kì í dá ohùn dúró. Láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, tí ẹyẹ ẹlẹ́rìn-ín ti rín tirẹ̀ tán lórí igi, Murt á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á pariwo:

— Ìwọ olè!

— Ìwọ bàbá olè!

— Ṣé o jí ire, àbí wọ́n jí ọ gbé?

— Ta ló máa jí mi gbé? Àwọn tó jí mi gbé ti ń kábàámọ̀!

Ìròyìn á bẹ̀rẹ̀. Ajá igbó tó wá lánàá. Àlá tí wọ́n lá. Oúnjẹ tí wọn ì bá máa jẹ ká ní ilé ni wọ́n wà: ọ̀dùnkún, wàrà kíkan, ẹja odò. Bí Murt bá dé ibi tí ìtàn ti dùn, á dákẹ́, á ní àgùntàn òun kan ń rìn lọ, òun ń bọ̀. Thady á dúró létí omi bí ajá tó ń dúró de eegun. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń tú wọn ká, nígbà tí Thady bá ń da agbo rẹ̀ padà sínú ọgbà onígi tí alásè ti ṣí kúrò níbi tó wà lánàá, kí àgùntàn má baà sùn lórí ìgbẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yìn wọn ń dùn wọ́n. Ebi ń pa wọ́n. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n.


8

Àárọ̀ wọ̀nyẹn ni Thady máa ń rántí tí ojú rẹ̀ fi ń rọ̀.


9

Lónìí, wáyà ló ń ṣọ́ àgùntàn ní Wirrabilla. Wọ́n nà án láti orí òkè dé orí òkè. Wáyà kì í jẹ ìyẹ̀fun, kì í bèèrè tábà, kì í jókòó.

Géètì ni wọ́n ní kí Thady máa mójú tó.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́ irun àgùntàn máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

— Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ayé pàṣán burú?

— Ó burú.

— Kí ló wá dé tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?

— Ẹ ti géètì yẹn bí ẹ bá ń lọ.


10

Ọjọ́ tí agbo méjèèjì dà pọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò.

Rárá. Òjò wo? Ọ̀dá ni. Odò gbẹ títí ó fi di ojú ọ̀nà oníyanrìn lásán, kò sì sí ohun tó pín apá ìhín àti apá ọ̀hún níyà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn tán. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dà pupa ni àmì ara agbo Thady, dúdú ni ti Murt. Àmì ti bá irun lọ, ọ̀dà tuntun kò sì tíì dé. Gbogbo àgùntàn funfun bí iṣu tí a bó. Bí agbo méjì bá dà pọ̀ lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ojú tó lè yà wọ́n. Olùṣọ́ tó bá gbọ́n, ẹ̀yìn òkè ló ń da tirẹ̀ lọ títí ọ̀dà á fi dé.

Àwọn méjèèjì mọ èyí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pariwo síra wọn, wọn ò rí ojú ara wọn nítòsí. Murt rìn dé àárín iyanrìn. Thady náà rìn dé àárín iyanrìn.

— O ti hu ewú.

— Eyín iwájú ẹ dà?

— Ó wà nínú búrẹ́dì tí alásè wa ṣe. Bí mo bá fẹ́ ẹ padà, màá tún pàdánù òmíràn.

Wọ́n jókòó. Murt ní tábà. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìsìnkú kan nílé, níbi tí wọ́n ti mutí títí wọ́n fi gbé pósí dé ibojì, kí wọ́n tó rántí pé òkú ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Thady rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa nu ojú tán, àgùntàn ti kún inú odò gbígbẹ náà láti etí kan dé èkejì, funfun nínú funfun.

Àwọn ajá pàápàá ti sùn.


11

Speight dé nígbà tí wọ́n ti dìde. Agbo tó dà pọ̀ ló rí. Kò rí ìjókòó.


12

Láyé ìgbà náà, ọ̀gá kò láṣẹ láti na ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀. Adájọ́ ló ń pàṣẹ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ nà ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ibo ló fẹ́ sá gbà?

Murt àti Thady jọ rìn.

— Thady.

— Hẹn?

— Ìwé ìyọ̀ǹda rẹ ti fẹ́ jáde, àbí?

— Ọ̀gá ní kí Kérésìmesì tó dé.

— Bó bá jáde, wàá kúrò lábẹ́ Elphick.

— Màá ṣiṣẹ́ fún ara mi. Màá bẹ ìjọba kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé Gobnait wá.

— Tèmi ṣì jìnnà. Èmi ni màá ru ẹ̀bi náà. Màá ní ìwọ wà lẹ́yìn òkè, pé àgùntàn tèmi ló lọ wá tìrẹ rí.

— O búra?

— Mo fi sàréè ìyá mi búra. Ṣùgbọ́n o jẹ mí ní tábà, olè.

Thady kọrin títí wọ́n fi dé ilé ẹjọ́.


13

ADÁJỌ́: Looby, agbo ta ló sọdá?

LOOBY: Tèmi ni, sà.

ADÁJỌ́: Kinnane dà nígbà náà?

LOOBY: (ó dákẹ́)

ADÁJỌ́: Ṣé odi ni ọ́?

LOOBY: Ó wà lọ́dọ̀ mi, sà. Àwa méjèèjì la jókòó.

ADÁJỌ́: Kinnane, kí lo rí sọ?

KINNANE: Kò sí.

ADÁJỌ́: Àádọ́ta pàṣán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá ìwé ìyọ̀ǹda Kinnane dúró.


14

Thady ni wọ́n kọ́kọ́ so. Kò ké.

Nígbà tó kan Murt, Murt ké ní èdè ilé. Orúkọ Thady ló ń ké. Nínú gbogbo ènìyàn tó dúró níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá a lóhùn.

Kò dá a lóhùn.

Wọ́n jọ rìn padà. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.


15

Gobnait ń retí ní Clare. Ibà pa á.

Lẹ́yìn náà ni ìwé jáde.


16

Alásè ní ojora ló mú Murt tó fi jẹ́wọ́. Speight ní Ọlọ́run ló tú wọn fó. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣèlérí nǹkan fún un, bẹ́ẹ̀ ẹgba ni wọ́n fún un. Ọjọ́ mìíràn Thady á gbà pé ìlara ni: kò fẹ́ kí n lọ kó ṣẹ́ ku òun nìkan. Ọjọ́ mìíràn á gbà pé ìkà ni.

Kò sí ẹni tó bi Murt.


17

Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹṣin ṣì wà lára òpó. Thady ṣí ilẹ̀kùn.

THADY: Ìwọ ọmọ Looby! O ò tíì lọ?

SÁBÍNÀ: Mo jókòó.

THADY: Sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

SÁBÍNÀ: N ò lè sọ ọ́ dáadáa.

THADY: Ta ló ní kó dáa?

Sábínà gbìyànjú. Ó ń já ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń họ eegun. Thady kò mú nǹkan kan níbẹ̀ àfi orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀, ìró Clare ni. Kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀dá alààyè láti ìgbà tó ti ń kọjú sí ògiri nílé ìtajà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

THADY: Tún un sọ.

SÁBÍNÀ: (ó tún un sọ)

THADY: Ó burú jọjọ.

SÁBÍNÀ: Ẹ wá gbọ́ eléyìí tó dáa. Ẹ gun ẹṣin, èmi á rìn.

THADY: Ẹṣin ta? Kí wọ́n má baà wí pé ẹṣin Looby ló gbé mi wálé Looby. Kọjá síwájú.


18

Ó rìn. Ó gun òkè náà bí ẹni tó ń gùn ún láti bá a jà. Gbogbo géètì tó kọjá ló tì.

Èébú ló ń tò lọ́nà. Èyí tó máa kọ́kọ́ bú u, èyí tó máa tẹ̀ lé e. Orúkọ Gobnait ló fi sí ìparí. Ó mọ̀ pé bí òun bá pe orúkọ yẹn lójú Murt, òun á yípadà, òun á lọ, ọmọbìnrin náà á sì wá ẹlòmíì tó gbọ́ èdè náà lọ sí Clare.


19

Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé Murt jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ojú kan ti wọ́. Èkejì yíjú sí ilẹ̀kùn.

Murt sọ gbólóhùn kan.

Thady dáhùn ní gbólóhùn kan. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó wá ọ̀rọ̀ kan, kò rí i, ó fi òmíràn dí i.

SÁBÍNÀ: Kí ló wí?

THADY: Ó ní mo ti rẹwà ju báyìí lọ rí.

SÁBÍNÀ: Kí lẹ wá wí?

THADY: Mo ní òun kò rẹwà rí.

Èébú tó tò ti tú ká. Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́fun rẹ̀. Kò jókòó. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì bi í léèrè, ní èdè ilé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í láti ọjọ́ ilé ẹjọ́: kí ló dé tó o fi sọ pé àwa méjèèjì?

Murt pa ojú tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dé. Ó là á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín. Ó sọ̀rọ̀ títí àtùpà fi di títàn.

SÁBÍNÀ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló ń sọ?

THADY: Ìtàn rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa wá. Kò tíì dé ilé ẹjọ́.

SÁBÍNÀ: Ṣé ó máa débẹ̀?

Thady wo èémí tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láyà Murt. Ó fa àga.

THADY: Dákẹ́ kí n gbọ́.