Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Dé Ìsàlẹ̀ Òkè Jàpáànù

Àlá kan ni mo lá lọ́sàn-án àná, kì í ṣe lóru o. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ife tíì yín kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́. Iyán ni mo jẹ. Èmi Fámúyìwá, ọmọ Èkìtì tó mọ ojú iyán, mo jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́, mo wá na ara sórí àga gbọọrọ ní pàlọ̀ pé kí n kàn dijú díẹ̀. Ibi tí mo ti dijú kọ́ ni mo ti lajú.

Kí n tó sọ àlá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí i. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé-ẹ̀kọ́ yìí. Mo ti kọ́ wọn nípa yìnyín, mo ti yà á sójú pátákó, mo ti na ọmọ lẹ́gba nítorí pé kò mọ ìdí tó fi ń bọ́. Èmi fúnra mi, yìnyín tí mo rí rí kò ju èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú fíríìjì wa lọ, tí iná bá sì ti lọ, ìyẹn náà á yọ́.

Orúnkún ń dun Ìyá Dáre, ìyàwó mi. Ó ti pẹ́. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró lágbedeméjì, á ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń ṣèlérí fún un pé a ó rin ìrìn-àjò ìgbafẹ́. Mo sì ń ṣètò rẹ̀ o, ẹ má tíì bú mi. Ìwé ètò ìrìn-àjò mẹ́fà ló wà nínú àpótí mi. Ti Jerúsálẹ́mù wà níbẹ̀, ti Kẹ́ńyà wà níbẹ̀, ti Òbúdú náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni mo fi rúlà fa ilà sí. A ò tíì kúrò ní Adó.

Èyí tó ṣe ìkeje ni ti Jàpáànù. Mo rí i lórí fóònù pé àwọn òkè kan wà níbẹ̀ tí yìnyín bò, tí àwọn èèyàn ń so pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Tó bá wá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lọ jókòó sínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Mo lọ ra ìwé tuntun. Mo kọ àkọlé sí i. Mo pe Ìyá Dáre kó wá wò ó.

Ó wò ó títí. Ó ní, “Yìnyín yẹn, tiyín ni, Bàbá Dáre. Omi gbígbóná yẹn ló wù mí, kí n ti orúnkún bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá tún parí sínú ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìrìn-àjò sí mi létí mọ́ títí n ó fi kú.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, mo mọ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Iyán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ló lọ gún un, lórí ìdúró. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Bí mo ṣe lajú, orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ni mo bá ara mi. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo fi ìwé ètò mọ́ àyà. Ọ́fíìsì ìrìn-àjò wà lókè orí mi, ó ń léfòó lójú òfurufú, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó góòlù bí ẹni so ẹran mọ́lẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò kọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn sí ibì kankan.

Mo fa okùn, ọ́fíìsì sọ̀kalẹ̀, mo wọlé. Akọ̀wé kan jókòó sídìí tábìlì, ó wọ awò ojú, ó ní irùngbọ̀n ṣókí. Ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa yìnyín. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ. Ó ní ṣé mo ti fọwọ́ kàn án rí. Mo ní ìyẹn kò sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, bó sì ṣe ń kọ ọ́ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀, ìgbà tó fi máa kọ ọ́ tán, ó ti di òbúkọ, awò ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ní sùúrù fún un. Ẹni tó bá ti bá òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì da nǹkan pọ̀ rí mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ó gba ìwé ètò mi, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ojú ìwé kìíní, ó jẹ ìkejì, ó ń mi orí. Inú mi dùn gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣètò ìrìn-àjò, òun lẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá ètò mi dé òpin. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn mì, ó ní gbogbo rẹ̀ ló pé, ó ku ẹyọ kan.

“Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sínú òtútù,” òbúkọ wí, “baba ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.”

Mo ṣàlàyé fún un pé àna mi, Bàbá Fálàdé, ti papò dà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ní òun mọ̀, pé wọ́n wà nínú omi gbígbóná ní Jàpáànù, wọ́n sì ti ń retí mi láti àárọ̀. Ó fi eyín gé okùn. Ọ́fíìsì gbéra.

A fò kọjá lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, a fò kọjá lórí òkun kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Òbúkọ bi èmi tíṣà jọ́gíráfì pé òkun wo nìyí. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ èrò tirẹ̀ ná. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì nìyẹn tí n kò bá mọ ìdáhùn, ẹ má sọ fún pírínsípà.

Ibi tí a balẹ̀ sí, orí òkè ni, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Mo tẹ yìnyín wò, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bàtà bí gààrí gbígbẹ. Kí n tó mọ̀, pákó méjì ti wà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Ti òsì ní òun dá mi mọ̀ dáadáa, pé bẹ́ǹṣì kíláàsì mi lòun tẹ́lẹ̀, pé orí òun ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé iyọ̀ wà nínú yìnyín. Ti ọ̀tún ní irọ́ ni, pé ẹni tó kàwé tó báyìí kò lè sọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo sọ ọ́ lóòótọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ará ibẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, orí rẹ̀ funfun ju òkè náà lọ, yóò ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo ń múra láti kí i ni òun bá tẹrí ba fún mi. Ó tẹ̀ gan-an o, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

Ẹ̀yin ará, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí àgbà tó tó bàbá mi tẹrí ba fún mi, kí n wá dúró gbọnrangandan bí òpó iná? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bó ṣe lọ sílẹ̀ tó yẹn, àfi kí èmi lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà lórí yìnyín, tòun ti kóòtù, tòun ti táì. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Òkè bá gbé mi lọ.

Mo ń yọ̀ lọ. Ẹni kejì tẹrí ba. Mo ti wà nídọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kí i, mo kọjá. Ẹni kẹta tẹrí ba. Mo bi í pé ṣé àlàáfíà ni wọ́n jí, n kò sì lè dúró gbọ́ èsì. Ìyẹn dùn mí, nítorí kò dáa kéèyàn bi àgbà léèrè kó tún máa sáré lọ. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé àwọn ò rí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé tó báyìí rí, pé ọmọ náà ń kí gbogbo òkè. Pákó òsì ní kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé, pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ni.

Inú omi ni mo já sí, omi tó gbóná tó ń rú èéfín. Bàbá Fálàdé jókòó síbẹ̀, omi mù wọ́n dé ọrùn, wọ́n ká aṣọ ìnura kékeré kan lé orí. Ọ̀bọ méje yí wọn ká bí ẹbí tó péjọ láti dá ẹjọ́. Ọ̀bọ kan ní kí n bọ́ aṣọ, pé òfin ibẹ̀ ni. Mo ní n kò lè wà níhòòhò níwájú àna mi tó bá wà láyé. Ó ní àna mi kò sí láyé. Mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo ṣì di táì mi mú.

Àna mi wò mí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ wọn, orí ẹní ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, ṣùgbọ́n lónìí mo ti orí òkè dọ̀bálẹ̀ wá, nǹkan tí mo bá wá gbọ́dọ̀ tóbi. Mo ní kí wọ́n ṣáà fọwọ́ sí ìwé ni. Wọ́n ní kò burú, kí n mú ìyàwó mi wá kí àwọn fojú kàn án.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ gbà mí o. Mo ti ṣètò kóòtù òtútù rẹ̀, mo ti ṣètò ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ onírun, àti ata gígún tí yóò máa bù sí oúnjẹ wọn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni n kò mú wá. Mo ké sí òbúkọ lókè pé kó bá mi wá a nínú ọ́fíìsì. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní orúkọ rẹ̀ wà lójú ìwé kẹsàn-án, òun sì ti jẹ ìyẹn. Àlá ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ẹ̀rù àlá. Mo ń ro ibi tó lè wà, àti ẹni tí yóò dì í lọ́wọ́ mú tó bá dé ibi àtẹ̀gùn.

Àna mi kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀.

“Mo gbọ́ pé orúnkún ń dun ọmọ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ṣe ètò yìí.”

“Èwo ni? Ọ̀tún ni àbí òsì?”

Mo mọ bí òkè tó ga jù ní Jàpáànù ṣe ga tó. Mo mọ iye wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú yóò fi débẹ̀. Mo mọ bí omi tí a jókòó sí yẹn ṣe ń gbóná láti inú ilẹ̀, mo lè yà á fún yín báyìí. N kò mọ orúnkún wo. Mo wo àwọn ọ̀bọ bóyá wọ́n á ta mí lólobó, ọ̀kan nínú wọn gbọ́wọ́ ọ̀tún sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn. Mo gbà á gbọ́. Mo ní ọ̀tún ni. Gbogbo ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. Àna mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ìgbà yẹn ni mo jí. Mo ti já bọ́ láti orí àga, mo wà nídọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ pàlọ̀, àyà mi tutù nini. Bàsíà omi gbígbóná kan wà níwájú imú mi, ẹsẹ̀ Ìyá Dáre wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi aṣọ bu omi sórí orúnkún. Ó bi mí pé kí lòun ṣe fún mi tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ fún òun lọ́sàn-án gangan.

N kò dìde. Mo ní, “Ìyá Dáre, orúnkún wo ló ń dùn ẹ́?”

“Méjèèjì,” ó wí. “Ó ti pé ọdún mẹ́ta.”

Ìtìjú yẹn, n kò ní ẹnu tí mo lè fi ròyìn rẹ̀ fún yín. Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì ń bu omi náà títí ó fi tutù.

Ohun tí mo ṣe ń da yín láàmú nìyí. Omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ wà ní Ìkógòsì níbí. Lọ́dọọdún ni mo ń yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ, a ò sì débẹ̀ rí, èmi àti obìnrin yìí. Pírínsípà ti fún mi láyè ọjọ́ méjì. N kò kọ ètò kankan sílẹ̀, ẹ yẹ ọwọ́ mi wò. Mo kàn ń wá ẹni tó máa bá mi gba kíláàsì mi ni. Mo ní kí Ìyá Dáre dúró dè mí nílé kí n wá bá yín sọ ọ́, ó kọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ìta yẹn ló wà, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ní òun ò ní sọ̀ títí a ó fi dé Ìkógòsì, nítorí òun mọ irú ẹni tí òun fẹ́. Mo sọ fún un pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo máa lò. Fèrè ọkọ̀ tí ẹ ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti dé orí ọ̀rọ̀ òbúkọ, òun ló ń fọn ọ́.