Wáyà Náhúdù Kò Dún

Aago méjìlá ọ̀sán kọjá, wáyà láti ìlú Náhúdù, níwọ̀-oòrùn, kò dún. Búṣárà, tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Òbéídì, tẹ ẹ̀rọ wáyà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí èsì. Ọdún mẹ́fà ni Tíjání ti ń tẹ ìròyìn ojú ọjọ́ Náhúdù ránṣẹ́ sí i, kò pẹ́ rí. Wọn ò fojú kan ara wọn rí o, ṣùgbọ́n bí Tíjání bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ báyìí, Búṣárà á ti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ibà ń ṣe é.

Níta, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ewé kan ò mì. Àwọn àwòdì tó máa ń rà bàbà lókè pápá ti bà sórí òrùlé, wọ́n ká ìyẹ́ jọ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí ìlú Fáṣẹ̀ ti gba epo tán. Hálámù, òyìnbó tó ń wà á, na ìwé ojú ọjọ́ sí Búṣárà pé kó buwọ́ lù ú kí ọkọ̀ lè gbéra.

"Mi ò ní buwọ́ lù ú, ọ̀gá. Náhúdù ò dáhùn, ọ̀nà yín sì gba ibẹ̀ kọjá."

Alhaji Káràrì, oníṣòwò oje igi tó fẹ́ wọkọ̀, fò dìde. "Ṣé wáyà ò lè já ni? Ìjì dà? Ọ̀la là ń so yìgì ọmọ mi o!"

"Alhaji, ẹ máa bínú sí mi. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń bínú."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ darandaran yìí ń sọ!"

Hálámù wo ọ̀run, ó wo Búṣárà, ó jókòó.

Wákàtí méjì kọjá, ojú ọ̀run ò yí padà. Àwọn èrò ń fi Búṣárà ṣẹ̀sín, òógùn sì bò ó.

Àfi bí ìlà pupa kan ṣe yọ níwọ̀-oòrùn. Ó ga, ó di ògiri eruku láti ìkángun kan dé èkejì, ó ń bọ̀ láìpariwo.

"Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀!" Hálámù kígbe.

Wọn ò tíì so okùn tán tí ọ̀sán fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́fíìsì, iyanrìn ń ha òrùlé. Alhaji di ọwọ́ Búṣárà mú.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, apá ọkọ̀ kan ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yè. "Ọmọ mi, forí jì mí," ni Alhaji wí. Búṣárà kò gbọ́. Ìdí ẹ̀rọ ló wà, ó ń pe Tíjání.

Ọjọ́ kẹta ni awakọ̀ akẹ́rù kan dé láti Náhúdù. Ó ní ògiri ọ́fíìsì ló wó pa Tíjání níbi tó ti ń tẹ wáyà.

Búṣárà fọwọ́ kan ẹ̀rọ wáyà. Ó wá bi awakọ̀ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Tíjání? Èèyàn kúkúrú ni. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i."