Ìka Kàsúmù Lórí Máàpù

Máàpù àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bọ́dúndé, tó ni ilé ìtẹ̀wé náà ní Bajulaiye, tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Tí mo bá ti tẹ ìyókù tán, kò sí àtúnṣe mọ́."

Bàbá Kàsúmù sún mọ́ ọn. Apẹja etí ọ̀sà Bàrígà ni. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀sà ju yàrá rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí Morọ́láyọ̀, olùwádìí láti yunifásítì, fi wá bẹ̀ ẹ́. Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé nìyí, ìjọba sì fẹ́ mọ ibi tí ẹja ń yé sí, kí àwọn tó ń wa yanrìn má baà débẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni àwọn méjèèjì fi jọ wà nínú ọkọ̀ kan.

"Bàbá, ibi pupa yìí ni ẹ fi hàn mí," Morọ́láyọ̀ wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa yanrìn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀."

"Ibi funfun ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wa yanrìn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ń dé."

Apẹja kì í fi ibi tó ti ń pẹja han àlejò. Bí wọ́n bá bi í, apá ibòmíràn ni yóò nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí i ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe lọ́jọ́ tí Morọ́láyọ̀ béèrè. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá ẹyin títí tí kò rí, bàbá ní àsìkò ni kò tíì tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtìjú kò jẹ́ kó lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó wò ó lórí máàpù: ìdí igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi, níbi tí ẹja ọ̀bọ̀kún ń yé sí, funfun báláú. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó fẹ́ fi ibẹ̀ pamọ́, ó sì ti fà á lé awayanrìn lọ́wọ́.

Tó bá dákẹ́, ibẹ̀ parun. Tó bá sọ̀rọ̀, àwọ̀n rẹ̀ kò ní kan ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó fi ìka fa tàdáwà tútù láti ibi pupa dé ibi funfun náà. "Ibí ni."

"Bàbá, ẹ ti ba máàpù mi jẹ́!" Bọ́dúndé pariwo.

Morọ́láyọ̀ kò pariwo. Ó wo àbààwọ́n náà, ó wo ojú bàbá. "Oṣù mẹ́fà, Bàbá."

"Mo mọ̀. Dárí jì mí, ọmọ mi." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ ká lọ báyìí. Wá fi ojú ara rẹ rí ẹyin."

Morọ́láyọ̀ gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ dá ẹ̀rọ dúró," ó sọ fún Bọ́dúndé.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, bàbá rí tàdáwà ní ìka rẹ̀, kò sì fọ̀ ọ́. Bàbá tó bí i kò fi ibẹ̀ han òun náà rí. Fúnra rẹ̀ ló ṣàwárí rẹ̀. Láti ogójì ọdún, òun nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ó yí orí ọkọ̀ sí ìdí igi ẹ̀gbà. Láti òní lọ, wọ́n ti di méjì.