Fóònù Ẹ̀gbẹ́ Àpótí Òwú

"Ó tún ti kú! Áà, ayé mi o!"

Abẹ́rẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí màsíìnì, ó na ọwọ́ gbá fóònù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òwú. Ojú fóònù dúdú kirikiri. Kò tíì pẹ́ tó yọ ọ́ lẹ́nu ṣájà. Kódà òwú tó wà lórí màsíìnì nígbà tó yọ ọ́ kò tíì dé ìdajì.

Oníbàárà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de gáùn rẹ̀, ti dìde dúró. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ta ló kú?"

"Fóònù ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"O mà já mi láyà o! Mo rò pé ọmọ tó ń sùn ni."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí èèyàn bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ohun tí Abẹ́rẹ́ máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, èèyàn ń sùn." Oníbàárà tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ tábìlì, á wo ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, á máa wá ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí. Kò sí ọmọ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí bó ṣe máa ń pàṣẹ bí arúgbó, iléèwé ló máa ń wà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn ni ọkọ rẹ̀, inú fóònù ló sì ti ń sùn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí Abẹ́rẹ́ ti dàrú. Ọkọ rẹ̀ wà ní òkèèrè, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lóru. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló fọwọ́ sí nígbà tó ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á padà sí yàrá tóóró tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé, á dùbúlẹ̀, á di ojú, oorun á kọ̀ jálẹ̀. Bó ṣe ṣe odidi ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ fà ro. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn tán lórí fóònù, Abẹ́rẹ́ gbàgbé láti pa ìpè náà. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òwú, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá ló gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun. Ó wẹ̀yìn wò, kò rẹ́nì kankan. Àṣé ọkọ rẹ̀ ló ti sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí ọkùnrin náà jí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. "Abẹ́rẹ́ mi, mi ò sùn báyìí rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ìró màsíìnì rẹ yẹn! Ṣe ni mo rò pé inú yàrá wa ni mo wà."

Òun ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló sì ń fi jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìdúró rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ọkọ rẹ̀ á dáhùn fún un pé, "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ."

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Òwúrọ̀ ọjọ́ gbogbo, ọkùnrin náà á pè, wọ́n á kí ara wọn ní ṣókí, Abẹ́rẹ́ á gbé fóònù kalẹ̀, yóò sì máa ránṣọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkọ ń sùn, ìyàwó ń ránṣọ. Bí híhanrun náà bá dá wáí, ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ á dúró, á tẹ́tí, á sì tún máa bá iṣẹ́ lọ tó bá gbọ́ ọ padà. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ nínú ọkọ nìyẹn, kò sì fi ṣeré rárá.

Àfìgbà tí fóònù yí ìwà padà. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ gba ọ́pídéètì, òun fẹ́ sọ ara òun dọ̀tun. Lálẹ́ ọjọ́ kan Abẹ́rẹ́ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kó lè dákẹ́, bí ẹni fi súìtì sọ́mọ lẹ́nu. Fóònù kú, ó jí, gbogbo àwòrán wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ ń dán gbinrin. Ojú lásán ló dára o. Láti ìgbà náà, ṣe ni bátìrì ń lọ bí omi tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ pọn.

Ó gbé e lọ bá Ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ òdìkejì. Ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún.

"Àǹtí, bátìrì yín ò ṣe nǹkan kan. Ọ́pídéètì yẹn ló ń dà á láàmú. Ẹ̀yin nìkan kọ́, wọ́n ti gbé irú ẹ̀ wá bá mi títí ó sú mi."

"O ò wá lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Kò ṣeé ṣe, mà. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àwọn tó fi ránṣẹ́ náà ló máa tún un ṣe, wọ́n máa fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

"Ṣé mo lè fi sẹ́nu ṣájà kí n sì máa pe èèyàn lọ?"

"Á gbóná, á sì pa ara ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, fóònù gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ó sì pa ara rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹnjiníà yí ojú fóònù sí i. "Ẹ wo àwọn ohun tó ń jẹ bátìrì yín. Ìpè ló ń jẹ ẹ́ tán, ìyókù kàn ń tọ́ ọ wò ni. Àǹtí, ta lẹ̀ ń pè látàárọ̀?"

"Ọkọ mi ni."

"Ìfẹ́ rèé o! Kí lẹ wá ń sọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"A kì í sọ nǹkan kan," Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Ẹnjiníà ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó gbé ẹ̀rín mì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí tọkọtaya tí kì í sọ̀rọ̀ fi wá di ẹni tó ń du ọ̀rọ̀ sọ. Kí ọkọ ó tó sùn, fóònù á ti kú. Wọ́n gbà pé kí wọ́n kúkú máa lo ìwọ̀nba tó wà fún ìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu wọn wúwo bí ẹnu ọkọ tuntun níwájú àna.

"Tètè sọ̀rọ̀ o, kó tó kú," ọkùnrin náà wí.

"Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ sọ."

"Ó dáa. Ara rẹ ńkọ́?"

"Ara ti mókun. Ibà tó mú mi lóṣù tó kọjá ti lọ."

"Ibà? Ibà wo? Ìwọ, o ṣàìsàn, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

"Ṣebí ojoojúmọ́ la jọ wà! Mò ń gbọ́ màsíìnì rẹ, kò yàtọ̀."

"Màsíìnì ò níbà, olówó orí mi. Mo rọ́jú rán an ni, kí ẹ lè sùn."

Kò gbọ́ ohun tó fèsì. Fóònù ti kú.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnu wọn tú. Abẹ́rẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti yọ eyín ọkọ òun kan, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ti kẹ́rù padà sílé, pé ó ti ń fi awò kàwé. Awò! Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ dá ṣáká nígbà tó ń lọ. Ó gbìyànjú láti fojú inú wò ó pẹ̀lú awò, kò rí i. Àárò ọkọ rẹ̀ wá sọ ọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń sọ ọ́ nígbà tó ń gé aṣọ, ó ń sọ ọ́ nígbà tó ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó rò pé ó ti mọ́ òun lára, àṣé ó kàn sùn ni.

"Mo fẹ́ fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí ẹ," ọkọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ Ajé, "èyí tí bátìrì ẹ̀ lágbára."

"Ẹ má fi ránṣẹ́. Ṣebí òpin oṣù yìí ni iṣẹ́ yín parí? Ẹ gbé e bọ̀ fúnra yín."

Ọkùnrin náà dákẹ́. Abẹ́rẹ́ wo ojú fóònù bóyá ó ti kú. Kò kú.

"Abẹ́rẹ́," ó ní, "ọ̀gá wa fẹ́ ká fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta mìíràn. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gbọ́ èsì."

Ọdún mẹ́ta mìíràn! Ìyá Àgbà á ti ga ju Abẹ́rẹ́ lọ nígbà náà.

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí," ọkùnrin náà wí. Ó fẹ́ fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

"Kí lẹ máa sọ fún un?"

"Mi ò mọ̀. Kí n má parọ́ fún ẹ, bó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n látìgbà tí fóònù rẹ ti dà báyìí, mi ò róorun sùn. Òkè àjà ni mo máa ń wò, ilé ni mo máa ń rò."

"Ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́? Ẹ kì í ronú ilé ni?"

"Ṣáájú?" Ó rò ó díẹ̀. "Ṣáájú, mo máa ń rò pé ilé ni mo wà."

Bí fóònù ṣe kú nìyẹn. Abẹ́rẹ́ mú un dání, kò fi sẹ́nu ṣájà. Ó ti rò pé okùn ni òun ń fi ìró màsíìnì so mọ́ ọkọ òun lẹ́sẹ̀, kó má baà rìn jìnnà jù. Àṣé bẹ́ẹ̀dì lòun ń bá a tẹ́ sí òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ó tó ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tán, Ẹnjiníà ti ń sáré bọ̀ láti òdìkejì.

"Àǹtí! Òmíràn ti dé! Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá!"

Ó gba fóònù, ó fi àtúnṣe tuntun náà sí i, ó gbé e padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó ti padà sípò. Ẹ lè máa pè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ bá mi kí ọ̀gá tí kì í sọ̀rọ̀ o!"

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ó wu Abẹ́rẹ́. Ó wù ú kó gbé fóònù sí àyè rẹ̀, kó gbọ́ híhanrun yẹn, kí gbogbo nǹkan rí bó ṣe rí. Nígbà tí fóònù dún, ó tètè gbé e.

"Ẹnjiníà ti tún un ṣe," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ọpẹ́ o! Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, Abẹ́rẹ́. Gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òwú jàre." Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lábẹ́ ọkùnrin náà, ó gbọ́ tó fa aṣọ bora. Ó gbé ẹsẹ̀ lé màsíìnì. Ó tún gbé e kúrò.

"Abẹ́rẹ́? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé màsíìnì ló bàjẹ́?"

"Màsíìnì ò bàjẹ́." Ó fa fóònù mọ́ra. "Olówó orí mi, oorun tí ẹ̀ ń sùn níbẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń rán an fún yín. Mi ò rán an mọ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò rán an mọ́. Àárò yín ń sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an ni, híhanrun ò sì tó mi mọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé yẹn lọ́la, mi ò ní bá yín jà, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé òkèèrè lẹ wà o. Ẹ má rò pé ilé lẹ wà."

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n sùn díẹ̀ ná, ká tó..."

"Ẹ sùn re, olówó orí mi."

Ó sì pa ìpè. Bátìrì ṣì kún. Ó gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò rí ojú abẹ́rẹ́ nítorí omijé. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé rẹ̀ jẹ́.

Fóònù dún.

"Ẹ̀n," ó ní.

"Mi ò sùn."

"Mo mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀dì wa," ọkùnrin náà wí, "ta ló ń sùn sí apá ògiri báyìí?"

Àyè tirẹ̀ nìyẹn kó tó lọ.

"Ìyá Àgbà ni. Ó ní ibẹ̀ ló tutù jù. Ó ní kò sẹ́ni tó lè lé òun kúrò níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbọ́ tó rẹ́rìn-ín.

"Bó bá dé láti iléèwé," ó ní, "sọ fún un pé onílé ń bọ̀. Kó máa palẹ̀ mọ́."