Alùpùpù Méjì, Nọ́ńbà Kan

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ olùtọ́jú ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn tó ní alùpùpù Ravensgill. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní Halifax láti ọdún 1938, ṣùgbọ́n ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà gbogbo alùpùpù tó bá jáde sí ń bẹ ní àjà ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn ní àlòkù, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Bí mo bá ní ojúlówó ni, ojúlówó náà ni. Bí mo bá ní ayédèrú ni, kò sẹ́ni tó máa fi owó gidi rà á mọ́. Mo fẹ́ràn agbára yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò ní purọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, Maureen Sugden pè mí lórí fóònù. Len ọkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ọ̀dọ́, ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó sì fi alùpùpù Heron kan sílẹ̀. Heron yìí, mẹ́rìnlélógún péré ni Ravensgill ṣe nínú rẹ̀, lọ́dún 1931. Àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ṣẹ́kù kò pé méje. Oníṣègùn eyín kan láti Wales, tó ń jẹ́ Gareth Pym, fẹ́ san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta pọ́n-ùn lórí ti Len. Maureen fẹ́ fi owó náà ra ilé kékeré kan nítòsí ọmọ rẹ̀ ní Scarborough, kó má baà máa dá gbé nínú ilé tútù tí Len fi í sí yẹn.

"Cliff, ọkùnrin náà ní àfi kó o wá fojú ara rẹ wo nọ́ńbà rẹ̀," Maureen wí. "Mo sọ fún un pé o ti fọwọ́ sí i láti 1994. Ó ní kó o tún wá."

"Òfin tuntun ẹgbẹ́ ni. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Òfin kọ́. Ó kàn fẹ́ ká mọ̀ pé òun lówó ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà yẹn.

Láyé ìgbà 1994, a kì í lọ wo nǹkan kan. Ẹni tó bá ní alùpùpù á lẹ bébà pélébé mọ́ ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lọ́rùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ ti wọ inú irin. Á fi pẹ́ńsù kùn ún títí nọ́ńbà náà á fi yọ lórí bébà, á sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Èmi á wo inú ìwé ńlá, màá fọwọ́ sí i. Àwa tí a fẹ́ràn irin àtijọ́, a gbà pé ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tún nǹkan ṣe kò lè purọ́ nípa rẹ̀. Bébà ti Len dé, H317 ló wà lórí rẹ̀. Inú ìwé sọ pé wọ́n kó H317 lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Whitby, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo bá Len yọ̀. A jọ mu bíà sí i.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Gareth Pym ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé irinṣẹ́ Len, agbòjò lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Maureen gbé tíì wá fún wa, ó gbé kéèkì alátalẹ̀ lé orí tábìlì tí Len ti máa ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ aṣọ sínú tínnà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀dà kúrò lọ́rùn alùpùpù náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà H yọ. Ẹẹ́ta yọ. Mo dá ọwọ́ dúró.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà ní Ravensgill, òòlù àti irin òǹtẹ̀. Lọ́dún 2004, a rí Heron méjì ní Scotland tí wọn ò tíì kúrò lọ́wọ́ ìdílé tó rà wọ́n ní tuntun, nígbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irin òǹtẹ̀ ẹẹ́ta ilé iṣẹ́ náà ti kán lẹ́nu lọ́dún 1931. Gbogbo ẹẹ́ta tó wà lára Heron, ìrù rẹ̀ gé. Ẹẹ́ta tó wà níwájú mi yìí pé pérépéré, ìrù rẹ̀ ká dáadáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Èyí ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélógún, èmi ni mo sì gbé e gun ẹṣin.

"Ọ̀gbẹ́ni Haigh, ó ti ń pẹ́ o," Gareth wí lẹ́yìn mi. "Ṣé ẹ ń kà á ni, àbí ẹ ń gbàdúrà fún un?"

"Ẹ máa lọ sílé. Màá kọ̀wé sí yín."

Ó wò mí títí. "Irú ojú tẹ́ ẹ ṣe yẹn, èmi náà máa ń ṣe é bí mo bá wo ẹnu ẹni tí kò sí eyín kan tó ṣeé gbà là níbẹ̀ mọ́." Ó na agbòjò rẹ̀, ó wọ inú òjò lọ. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Maureen ò tíì jókòó. "Kí ló dé, Cliff?"

"Kì í ṣe H317. Wọ́n tẹ nọ́ńbà yẹn sí i lẹ́yìn ni."

"Len mọ̀?"

"Len ló tẹ̀ ẹ́."

"Níbo ni Len ti máa mọ nọ́ńbà tó máa tẹ̀? Kò kúkú lá a lálàá."

Ó ṣe mí bíi kí n purọ́. Mo rò ó dáadáa, kí n tó lanu. "Èmi ni mo yá a ní ìwé ńlá náà, Kérésì 1993. Ó ní òun kàn fẹ́ kà á. Mo ti fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn tá ò rí mọ́."

Kò sunkún. Ó kó kéèkì tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é, nígbà náà," ó wí, ó sì wọlé. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn, tó tún fi ọ̀pá há a.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Mo ti ń wakọ̀ lọ sílé kí ẹ̀rù gidi tó bà mí, nítorí ìgbà yẹn ni mo rántí lẹ́tà kan. Mi ò bọ́ kóòtù, mo gun àjà lọ. Mo tú àpótí ọdún 1996, mo sì rí i. Arnold Thwaite ló kọ ọ́, láti Whitby. Ó ní bàbá òun ra Heron kan ní tuntun lọ́dún 1931, orí rẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyá òun sọ́nà. Ó ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n kí bàbá òun tó kú. Ó fi bébà tó fi pẹ́ńsù kùn sínú rẹ̀. H317. Èsì tí mo fún un wà nínú àpótí kan náà, ẹ̀dà rẹ̀, ìlà mẹ́rin: a ti rí alùpùpù tó ni nọ́ńbà náà, a sì ti fọwọ́ sí i, ti yín kì í ṣe ojúlówó, ẹni tó sọ fún yín pé tuntun lòun rà á kò sọ òtítọ́, ẹ ṣeun. Mo gbé bébà Arnold sábẹ́ iná. Ìrù ẹẹ́ta rẹ̀ gé.

Ojú tì mí débi pé mo fi ọwọ́ bo ojú nínú àjà tí ẹnì kankan ò sí. Ìlà mẹ́rin. Mo ṣì rántí pé lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, mo ń yangàn pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èké wọlé sínú ẹgbẹ́ wa.

Lọ́jọ́ kejì mo wakọ̀ kọjá orí òkè lọ sí Whitby. Arnold Thwaite fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, arúgbó gíga kan tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ orúkọ mi.

"Mo mọ orúkọ yẹn," ó wí. "Ẹ wọlé, òtútù ń wọ ilé."

"Ẹ máa rò pé mo ti gbàgbé yín."

"Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé. Ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé."

Mo dúró ní ilé ìdáná rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: ti Len, ti ìwé tí mo yá a, ti ẹẹ́ta tí ìrù rẹ̀ gé. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Abẹ́ kúbùsù àtijọ́ ni Heron náà wà, eruku tó nípọn tó àtàǹpàkò lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ọrùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irin náà tẹ́jú, ìpẹtà sì ti bò ó.

"Mo fá a kúrò," Arnold wí. "Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yín dé. Fáìlì irin ni mo fi ṣe é, àárọ̀ ọjọ́ kan gbáko. Mi ò fẹ́ kí irọ́ wà lára ohun tó wà nílé mi."

Lábẹ́ òfin wa, òfin tí èmi fúnra mi kọ, alùpùpù tí wọ́n bá ti fá nọ́ńbà rẹ̀ kò lórúkọ mọ́. Bébà tó fi ránṣẹ́ nìkan kò tó, mi ò lè fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí i láyé yìí mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ta ló bi yín ní tòǹtẹ̀?" Ó jókòó sórí àpótí kan. "Bàbá mi ṣì wà láàyè nígbà náà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo mú lẹ́tà yín lọ bá a ní ilé àwọn arúgbó, mo kà á sí i létí. Mo ní, ìtàn tẹ́ ẹ ń sọ fún wa láti kékeré, ẹ̀yin àti Màámi lórí alùpùpù tuntun, irọ́ ni gbogbo rẹ̀ àbí? Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Tóò, bí ìwé wọn bá ti wí bẹ́ẹ̀.' Ó sì kọjú sí ògiri."

Mo ń wo ibi tó fá lọ́rùn alùpùpù náà.

"Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lọ wò ó. Ìgbà tí wọ́n pè mí, wọ́n ti tẹ́ òkú rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Òótọ́ ni bàbá mi sọ?"

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ó mi orí, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó mú bébà àti bíírò wá, ó sì gbé wọn fún mi.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí. "Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn."

"Màá kọ ọ́ sórí bébà ẹgbẹ́, màá fi í ránṣẹ́ sí yín ní—"

"Kì í ṣe èmi lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sí bàbá mi. Walter ni orúkọ wọn."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tẹ bébà náà lé orí àga Heron, mo kọ "Sí Ọ̀gbẹ́ni Walter Thwaite". Arnold dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán.